Àgbà Kì í Ṣe Olùṣọ́ Ilé: Ẹ Mú Wọn Dání Lọ Gbafẹ́ ní Òpin Ọ̀sẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Igbudu, ní ìlú Warri, ìpínlẹ̀ Delta, nígbà tí mo rí àgbà kan tí àwọn ọmọ ti mú kúrò lọ́jà, tí wọ́n sì wá fi ṣe olùṣọ́ ilé.

Mọ̀lẹ́bí ìyá mi ni wọ́n, Ìyá Àgbà sì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ wọn ti rí iṣẹ́ sí Warri ni wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Ó lé ní 30 ọdún tí wọ́n fi ta ẹja gbígbẹ àti edé ní ọjà Igbudu. Wọ́n gbọ́ èdè Ùròbò, wọ́n gbọ́ Ìṣẹ̀kírì, pijin kò sì ṣòro fún wọn rárá. Wọn kò mú ìwé tàbí ẹ̀rọ ìṣirò dání rí: orí ni wọ́n fi ń ṣírò owó, orí náà ni wọ́n sì fi ń rántí gbèsè tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ wọ́n. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ wọn pàdé, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ìyá Àgbà lọ jókòó sílé kí wọ́n máa jẹ èrè iṣẹ́ wọn. Wọ́n ra tẹlifíṣàn ńlá sí yàrá wọn, wọ́n sì gba ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé.

Ní àárọ̀ Sátidé tí mo ń wí yìí, ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń lọ sí Abraka, níbi tí odò Ethiope ń gbà ṣàn kọjá, láti gbafẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n di oúnjẹ, wọ́n di aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n mú bọ́ọ̀lù. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí pé, "Níbo ni wọ́n ní àwọn ń lọ?" Ọmọ wọn obìnrin fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn pé, "Màmá, ẹ jókòó kí ẹ sinmi. Ẹ bá wa ṣọ́ ilé." Ọkọ̀ gbéra, ilé sì dákẹ́.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó ń ro ibi sí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi yẹ̀ wò, ni pé irú ìfẹ́ yìí ń pa iyè àwọn àgbà wa díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ìsinmi kì í ṣe ìsinmi mọ́ bí ó bá ti di pé àgbà kò rìn, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kò rí ohun tuntun, tí kò sì sí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìgbafẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ bá ṣe ọmọdé ní àǹfààní, ó ṣe àgbà ní àǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún ní àyè nínú ọkọ̀ ni a máa ń fi sílẹ̀.

Ọjọ́ ogbó yàtọ̀ sí àìsàn

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ ogbó àti àìsàn. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ọpọlọ kì í yá bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Àgbà lè gbàgbé ibi tí ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí. Ó lè pe orúkọ ọmọ mẹ́ta kí ó tó kan èyí tí ó fẹ́ pè gan-an. Èyí kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣìnà ní àdúgbò tí ó ti ń gbé fún 40 ọdún, bí kò bá lè ṣírò owó tí ó ti ń ṣírò láti ìgbà èwe, bí ó bá ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí a ti dá a lóhùn, tàbí bí ìwà rẹ̀ bá yí padà tí ó fi dà bí ẹni tí a kò mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ ti lè kọjá ti ọjọ́ orí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àrùn iyè-ríra, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dementia. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti Alzheimer.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni ó ń gbé pẹ̀lú àrùn iyè-ríra káàkiri àgbáyé. Èyí tí ó lé ní 60 nínú 100 wọn ni ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́, irú bíi tiwa. Àjọ náà tẹnu mọ́ ọn pé àrùn yìí kì í ṣe ara ohun tí ó di dandan kí ọjọ́ ogbó mú wá.

Ní ilẹ̀ wa, ìnira mìíràn tún wà lórí àrùn náà fúnra rẹ̀. Bí ìyá arúgbó bá ń dá sọ̀rọ̀, tí ó ń rìn kiri lóru, tí kò sì dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, àwọn kan á ní àjẹ́ ni, ó ń jẹ́wọ́ ni. Àwọn kan ti ti ìyá wọn mọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn mìíràn ti gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti nà án. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kí ó yéni: aláìsàn ni ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra. Ilé ìwòsàn ni ibi tí ó yẹ kí a gbé e lọ, ìtọ́jú sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti Ìdíkàn ní ìlú Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí iyè yóò bá ra, yóò ra ni, pé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwa Yorùbá gan-an fi hàn pé èrò yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan papọ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ògbóǹtarìgì oníṣègùn ọpọlọ tí ó dágbére fáyé ní ọdún 1995, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Indiana. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ náà lọ. Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n ti yan àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n ti pé ẹni 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú Indianapolis, wọ́n yan àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí wọn jọra. Wọ́n ń padà lọ yẹ̀ wọ́n wò lọ́dún méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta.

Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nínú 2,459 àgbàlagbà tí wọn kò ní àrùn náà ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ń kó o lọ́dọọdún kò ju 1.35 nínú 100 lọ. Nínú 2,147 ti Indianapolis, 3.24 nínú 100 ni. Èyí ju ìlọ́po méjì lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn lọ.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Àwọn olùwádìí kò sọ pé ohun kan ṣoṣo ni. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré láàárín àwọn ará Ìdíkàn, pé oúnjẹ wọn kò ní ọ̀rá púpọ̀, àti pé wọn kò sanra tó àwọn ti òkè òkun. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé bí a ti ń gbé ìgbé ayé wa lọ́wọ́ nínú bí iyè wa yóò ti rí lọ́jọ́ alẹ́.

Ìwádìí mìíràn tún wà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé àwọn àgbà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ ṣe, tí ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú ènìyàn kò tó nǹkan, wà lára àwọn tí àrùn iyè-ríra ń mú jù. Àwọn olùwádìí náà fi òótọ́ inú sọ pé ó lè jẹ́ pé àrùn tí ó ti ń bọ̀ ni ó kọ́kọ́ mú kí ẹlòmíràn máa fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, àgbà tí ó dá jókòó sílé jẹ́ àgbà tí ó yẹ kí a fi ojú sí.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé a ti ń fi ọwọ́ ara wa sọ ohun tí ó dára lọ́dọ̀ wa nù. Àgbà ti ìgbà náà a máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko àti ọjà, a máa ta ayò lábẹ́ igi, a máa parí ìjà, a máa pa àlọ́ fún ọmọdé. Àgbà ti òde òní, pàápàá ẹni tí ọmọ rẹ̀ rí jájẹ, kò ní ju yàrá, àga àti tẹlifíṣàn lọ. A fi owó ra ìdánìkanwà fún wọn, a sì rò pé ìgbádùn ni.

Ohun tí ìrìn àti àwùjọ ń ṣe fún ọpọlọ

Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tí ó ń fa àrùn iyè-ríra tí ènìyàn lè ṣe nǹkan sí. Àwọn náà ni: àìkàwé tó ní kékeré, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, ojú tí kò ríran tí a kò sì tọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sísanra jù, ọ̀rá burúkú tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, sìgá mímu, ọtí àmujù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìlo ara, ìfarapa lórí, afẹ́fẹ́ tí kò mọ́, àti dídá wà láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò pátá, a ó lè dènà nǹkan bíi 45 nínú 100 àrùn yìí, tàbí kí a sún un síwájú.

Ẹ tún ka àkójọ náà dáadáa. Àìlo ara, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìdánìkanwà: mẹ́ta yìí ni a ń dì fún àgbà nígbà tí a bá ní kí ó jókòó ṣọ́ ilé. Mẹ́ta yìí náà ni ìgbafẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ lè bá wa lé sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti ìrìn. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí a fi ń pa nǹkan mọ́ sí iyè, èyí tí ó máa ń sún kì bí a bá ti ń dàgbà. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí 120 àgbàlagbà. Wọ́n ní kí ìdá méjì àkọ́kọ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn fún 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìdá méjì kejì kàn ń na ara lásán. Lẹ́yìn ọdún kan, apá ọpọlọ yìí ti fi nǹkan bíi 2 nínú 100 tóbi sí i lára àwọn tí ó ń rìn, nígbà tí ti àwọn yòókù dín kù. Kì í ṣe eré sísá tàbí irin gbígbé ni wọ́n ṣe o. Ìrìn lásán ni, irú èyí tí Ìyá Àgbà máa ń rìn lójoojúmọ́ lọ sí ìsọ̀ wọn.

Ti àwùjọ àti eré náà ń bẹ. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní ìlú New York tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti tẹ̀ lé 469 àgbàlagbà tí wọ́n ti lé ní ẹni 75 ọdún. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ń kàwé, tí ó ń ta ọpọ́n bíi ayò, tí ó ń lu ohun èlò orin tàbí tí ó ń jó, kì í tètè kó àrùn iyè-ríra bíi ti àwọn yòókù. Àwọn àgbà tí ó ń ta ayò lábẹ́ igi ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ní abúlé wa kò ka ìwé ìwádìí yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọpọlọ ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n ti ń ka ọmọ ayò láìfi ọwọ́ kàn án.

Mi ò sọ pé ìrìn-àjò ọjọ́ méjì lè wo àrùn tí ó ti wọ ọpọlọ. Kò lè wò ó. Ní orílẹ̀-èdè Finland, níbi tí wọ́n ti fi ọdún méjì ṣe ìwádìí lórí 1,260 àgbàlagbà, àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015 ni pé àpapọ̀ oúnjẹ tí ó dára, ìdárayá, ohun tí ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti irú rẹ̀ déédéé ni ó ran iyè àwọn àgbà náà lọ́wọ́. Nítorí náà, ìgbafẹ́ jẹ́ apá kan nínú odindi. Ṣùgbọ́n apá tí ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni, tí kò béèrè ìwé dókítà, tí gbogbo ilé sì lè gbádùn papọ̀.

Bí a ṣe lè ṣe é láti Igbudu

Ẹni tí ó bá ń gbé Igbudu mọ̀ pé àdúgbò náà kún, ọjà rẹ̀ kò sinmi, ariwo ọkọ̀ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ sì pọ̀. Ìdí nìyí tí jíjáde lọ síbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà fi ṣe pàtàkì. Abraka kò jìnnà, omi odò Ethiope níbẹ̀ sì mọ́ gaara. Ní Umuaja ni odò náà ti sun, láti ìdí igi àràbà ńlá kan, títí yóò fi dé ẹ̀bá Sapele. Ta ni yóò dúró sí ìdí igi bẹ́ẹ̀ tí kò ní rántí ìtàn kan láti pa fún ọmọ-ọmọ rẹ̀?

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn lè mú àwọn àgbà rẹ̀ lọ sí Koko, níbi tí ilé Olóyè Nana Olomu wà. Oníṣòwò epo pupa pàtàkì ni Nana láàárín àwọn Ìṣẹ̀kírì. Ní ọdún 1894 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ebrohimi, ìlú rẹ̀, tí wọ́n sì lé e lọ sí Accra. Ọdún 1906 ni ó padà dé, Koko ni ó sì tẹ̀dó sí títí ó fi kú ní ọdún 1916. Èdè Ìṣẹ̀kírì àti èdè Yorùbá sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí àgbà Yorùbá bá jókòó ti àgbà Ìṣẹ̀kírì, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì wé ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọpọlọ wọn á sì ṣiṣẹ́ kára. Ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọdún 2020, tí ó lọ láti Ujevwu lẹ́bàá Warri títí dé Itakpe, gba Abraka àti Agbor kọjá. Ẹ kàn kọ́kọ́ wádìí àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra kí ẹ tó jáde nílé.

Ní ìhà tiwa náà, ibi ìgbafẹ́ kò wọ́n. Òkè Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, igbó Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, omi gbígbóná àti omi tútù sì ń pàdé ara wọn ní Ìkógòsì.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe ibi tí a lọ ni oògùn, bí kò ṣe ohun tí àgbà ṣe níbẹ̀. Bí a bá gbé wọn dé etí odò, tí a wá fi wọ́n jókòó ti ẹrù, ilé ni wọ́n ṣì ń ṣọ́, ibi tí ilé náà wà nìkan ni ó yí padà. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ná ẹja lójú ọ̀nà, kí wọ́n ka ṣẹ́ńjì, kí wọ́n sọ bí a ti ń dá ọbẹ̀ banga mọ̀ bí ó bá jinná, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní ayò. Ẹ bá wọn rìn díẹ̀ ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ má dá wọn lóhùn lẹ́nu ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Ẹ mú oògùn wọn dání, kí wọ́n sì lò ó ní àkókò rẹ̀. Ẹ mú omi tí ó pọ̀, nítorí òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà bí ara rẹ̀ tilẹ̀ nílò omi. Ẹ rí i pé bàtà wọn kì í yọ̀, kí gíláàsì àti ọ̀pá wọn má sì gbélé. Ẹ yan ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí, ẹ má sì rin ìrìn òru. Bí iyè àgbà bá ti ń ra tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìrìn-àjò náà kúrú, kí ẹnìkan tí ó mọ̀ dáadáa má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ibi àjèjì lè dà á lọ́kàn rú.

Ọ̀rọ̀ owó àti àkókò

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Níbo ni kí n ti rí owó epo ọkọ̀ ní àkókò yìí?" Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ kò di dandan kí ó jẹ́ Abraka. Ó lè jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ tí Ìyá ti ń béèrè láti ọdún kan sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ó lè jẹ́ ọjà Igbudu fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí èrò dín kù, kí àwọn tí wọ́n jọ tajà rí kí wọn káàbọ̀. Fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tí ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, ẹ fi díẹ̀ lé e fún ẹni tí yóò máa mú Bàbá jáde lọ́jọ́ Sátidé.

Àwọn mìíràn á ní àgbà tiwọn kò fẹ́ jáde. Ẹ wádìí ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé orúnkún ń dùn wọ́n, tàbí pé ìtọ̀ kì í dá dúró, tàbí pé wọn kò gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ tí ojú sì ń tì wọ́n. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ní ìtọ́jú. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa náà ní ipa tiwọn: ibi ìrìn tí kò ní ihò, ìjókòó lábẹ́ igi, àti pápá kékeré ní àdúgbò tí ó kún bíi Igbudu kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ètò ìlera ni.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ìyá Àgbà padà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, mo bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ yìí. Inú wọn kò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ìdọ̀tí sì ti dí etí wọn ọ̀tún pa. Dókítà fún wọn ní oògùn, ó yọ ìdọ̀tí etí náà, ó sì ní kí wọ́n máa padà wá fún àyẹ̀wò iyè. Mo rọ gbogbo ẹni tí ó bá ṣàkíyèsí irú nǹkan báyìí lára àgbà rẹ̀ pé kí ó ṣe bákan náà, nítorí àìsàn kòkòrò, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó èròjà fítámì B12, tàbí oògùn tí a ṣì lò lè mú kí iyè dàrú, gbogbo wọn sì ṣeé tọ́jú.

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n mú Ìyá Àgbà dání lọ sí Abraka. Mo bá wọn lọ. Ní ọjà kan lójú ọ̀nà, Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi èdè Ùròbò ná ẹja títí ẹni tí ó ń tà á fi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣírò owó náà kí ọmọ-ọmọ wọn tó yọ fóònù jáde. Ọmọdé náà, tí ó ti pé ọdún 12, wò wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ní etí odò, wọ́n tún bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Kí ni orúkọ odò yìí?" Mo dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Iyè wọn kò padà di ti ọmọ ogún ọdún, mi ò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, àárín àwọn ènìyàn wọn ni wọ́n wà.

Yorùbá ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí àgbà má dìde mọ́. Wọ́n tún ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ níí mu. Lójú tèmi, ọmú náà kọjá oúnjẹ àti owó oṣù. Ìrìn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ wà nínú rẹ̀, àyè kan nínú ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń múra àtijáde ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó tilẹ̀kùn. Bí àgbà kan bá jókòó síbẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò ṣọ́ ilé.